Káàdì Tó Ṣì Lóyún

"Àbí ẹ ò tíì gbọ́ ni? Ọmọ ilé Màmá Tíṣà… èyí tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn…"

"Èyí wo? Èyí tó máa ń…"

"Òun náà. Wọ́n ní tó bá ti ń gbé tíì káàkiri báyìí, tó bá ti dé ẹ̀yìn èèyàn… Èmi ò sọ pé mo rí i o. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọkọ mi ti gbọ́ ọ."

"Ẹn-ẹ́n. Abájọ. Ojú ẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀."

"Ṣé ilẹ̀ ló ń wò? Káàdì ọwọ́ àwọn àgbàlagbà yẹn… Ẹ jẹ́ n dákẹ́. Ẹ bá mi wo apá yìí, ṣé kò fún jù?"

Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni mo wà nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, mo ń tú òwú kúrò létí yẹ̀rì kan. Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí mi ni. Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí, aránṣọ ni wọ́n, èmi ni mo sì máa ń bá wọn tú ohun tí wọ́n bá rán láṣìṣe. Iṣẹ́ yẹn kì í wọ́n. Àwọn oníbàárà méjèèjì ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mo dúró títí wọ́n fi lọ, mo tú yẹ̀rì náà tán, mo ká a, mo gbé e sórí ẹ̀rọ. Ọjọ́rú nìyẹn. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Aláago.

Bàbá Aláago ló ń tún aago ṣe fún gbogbo àdúgbò. Ṣọ́ọ̀bù wọn ò fẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ: fèrèsé kan, tábìlì kan, àga méjì, àti ògiri tó kún fún aago tí kò sí méjì tí ẹnu wọn kò. Kì í ṣe aago lásán làwọn èèyàn ń gbé wá síbẹ̀. Aago tí bàbá ẹni fi sílẹ̀ ni, aago ìgbéyàwó, aago góòlù tí wọ́n fi áńkáṣíìfù dì. Wọ́n á gbé e lé tábìlì, wọ́n á ní, "Bàbá, ó ti dákẹ́ o," wọ́n á sì máa lọ láìgba ìwé kankan. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn gan-an ni ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ogún ọdún ni Bàbá Aláago fi ṣiṣẹ́ láìgba ọmọṣẹ́, torí wọ́n ní ọwọ́ tó mọ́ ṣọ̀wọ́n ju ọwọ́ tó já fáfá lọ. Ìyá àgbà mi ló bá mi bẹ̀ wọ́n. Èmi ò lè bẹ̀ wọ́n fúnra mi.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n mú mi kúrò nílé ìwé, torí fún odidi sáà kan mi ò dáhùn nígbà tí tíṣà bá pe orúkọ mi. Kì í ṣe agídí. Ohùn náà á kàn jókòó sọ́nà ni, kò ní dé ẹnu. Ìyá àgbà, tí àdúgbò ń pè ní Màmá Tíṣà, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà yẹn. Wọ́n ní kí wọ́n gbé mi wá bá àwọn. Ilé ìdáná ni wọ́n ti kọ́ mi ní ìwé kíkà. Bọ́tìnnì Àǹtí ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìṣirò. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n fi káàdì kún un, wọ́n ní ìṣirò téèyàn bá fi ṣeré kì í fi orí sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo ti pé ọdún mọ́kànlélógún báyìí. Iṣẹ́ tí mo lè ṣe ò pọ̀ láyé: iṣẹ́ tó jẹ́ pé nǹkan kékeré lèèyàn ń wò látàárọ̀ dalẹ́, tí nǹkan kékeré náà ò sì ní bi èèyàn ní ìbéèrè. Mi ò rí òmíràn tó bá mi mu bí ti aago.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ káàdì, ní aago méjì ọ̀sán, nínú yàrá ìjẹun Ìyá àgbà. Àwa mẹ́fà la máa ń yí tábìlì ká: Ìyá àgbà, Àǹtí, Bàbá Aláago, Màmá Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí ìdajì àdúgbò kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Bùrékì, àti èmi tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Bàbá Bùrékì wa bọ́ọ̀sì èrò fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n ní bùrékì bọ́ọ̀sì àwọn kì í gbó, torí àwọn kì í tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe wakọ̀ náà ni wọ́n ń ta káàdì.

Póká ni eré náà, ṣùgbọ́n tiwa kì í ṣe irú èyí tí èèyàn á ti gbogbo ohun tó ní sáàárín lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́tìnnì là ń fi ta á. Bọ́tìnnì kan dúró fún owó ẹyọ tó kéré jù lọ. Èèyàn lè máa pàdánù láti aago méjì títí di márùn-ún, kó má tíì pàdánù owó búrẹ́dì. Iye tí à ń san ò ní lọ sókè, kò ní wá sílẹ̀. Wọ́n á pín káàdì méjì méjì fún wa, ẹni tó bá fẹ́ wọlé á san bọ́tìnnì kan. Wọ́n á ṣí mẹ́ta sáàárín tábìlì, tí í ṣe ti gbogbo wa, bọ́tìnnì kan. Wọ́n á ṣí ìkẹrin, bọ́tìnnì méjì. Wọ́n á ṣí ìkarùn-ún; bọ́tìnnì méjì. Tí wọ́n bá wá da tọwọ́ ẹni pọ̀ mọ́ tàárín, ẹni tó bá ní márùn-ún tó dára jù lọ ló ń kó gbogbo rẹ̀.

Òfin kan wà nílé wa tí mi ò rò pé ó wà níbòmíràn. Nínú káàdì kọ̀ọ̀kan tí a bá pín, ẹni tó bá kọ́kọ́ ju tirẹ̀ sílẹ̀ ló máa dìde lọ sílé ìdáná. Á gbé omi kaná, á se tíì, á gbé e yí ká. Tí tíì bá ṣì wà, á lọ bu omi gbígbóná kún un, tàbí kó lọ fọ ife, tàbí kó lọ wá ṣíbí tó sọnù. Iṣẹ́ kì í tán. Ìyá àgbà ló ṣe òfin náà nígbà tí ara gbogbo wọn ṣì le, torí wọ́n ń ju káàdì sílẹ̀ jù, eré kì í sì í dùn. Láti ìgbà yẹn, orúnkún wọn ti dàgbà, òfin ò dàgbà. Ilé ìdáná wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn mẹ́ta, ìgbésẹ̀ mẹ́tàdínlógún sí tábìlì. Kò sí ẹni tó fẹ́ dìde. Màmá Nọ́ọ̀sì lè ní méjì àti méje tí kò bára tan, wọ́n á san.

"Màmá, kí lẹ ní tí ẹ fi ń san?" Bàbá Bùrékì á bi wọ́n.

"Orúnkún ni mo ní. Orúnkún mi wọ́n ju bọ́tìnnì kan lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń san dé òpin. Èmi ni orúnkún mi dára, èmi ni mo sì máa ń dìde jù.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fún mi ní káàdì méjì tó jẹ́ ìdílé kan náà, tí àmì ara wọn bára mu, ọkàn méjì, ká ní, tàbí méjì tó tẹ̀ léra, mo máa ń dúró. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan fúnra rẹ̀. Tí káàdì mẹ́ta bá ṣí, tí méjì nínú wọn sì tún jẹ́ ọkàn, mo ti ní mẹ́rin. Mò ń dúró de ìkarùn-ún. Tó bá wá, ìdílé kan náà márùn-ún, kò wọ́pọ̀ kí ẹlòmíràn borí rẹ̀. Tí kò bá wá, òfìfo. Màmá Nọ́ọ̀sì ló sọ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Wọ́n ní oyún ni. "Kò tíì jẹ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹun."

Ohun tó ń jẹ yẹn ni Ìyá àgbà kọ́ mi láti máa kà. Tí káàdì mẹ́rin bá ti ṣí sáàárín, tí mo sì mọ méjì ọwọ́ mi, nínú káàdì méjìléláàádọ́ta, mẹ́rìndínláàádọ́ta ló kù tí mi ò rí. Nínú ọkàn mẹ́tàlá, mẹ́sàn-án ló wà nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún ló máa wá, ká sọ ọ́ ní ṣókí. Bọ́tìnnì méjì ni màá san láti rí i. Ìgbà mẹ́rin tí kò ní wá jẹ́ mẹ́jọ. Nítorí náà, ohun tó wà láàárín gbọ́dọ̀ ju mẹ́jọ lọ kó tó tọ́ kí n dúró. Nílé wa, tí gbogbo èèyàn ń san nítorí orúnkún, ó máa ń ju ogún lọ.

Bí mo ṣe ń jẹ nìyẹn. Kì í ṣe ní gbogbo ọjọ́, ṣùgbọ́n tí oṣù bá fi máa parí, bọ́tìnnì á ti pọ̀ sọ́dọ̀ mi. N kì í wo káàdì ẹnikẹ́ni. Kò tiẹ̀ ní wúlò fún mi. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kọ́ ni mò ń kà, iye wọn ni mò ń kà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu dé ilé ṣáájú mi lọ́jọ́rú yẹn. Nígbà tí mo wọlé, Ìyá àgbà ti mọ̀. Àǹtí ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà kẹta.

"Ta ló gbé e dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀?" Ìyá àgbà béèrè.

Àǹtí ní, "Nínú àwa mẹ́fà, ta ló ń fá irùngbọ̀n níbẹ̀? Bàbá Aláago ń fá tiwọn nílé. Èmi ò ní irùngbọ̀n."

Bàbá Bùrékì ló kù. Ìyá àgbà ń gé àlùbọ́sà, wọn ò dúró.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Bàbá Aláago wá fúnra wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọn ò jókòó. Awò kékeré tí wọ́n ń há sójú ṣì wà níwájú orí wọn, wọ́n ti gbàgbé láti bọ́ ọ.

"Màmá, ọ̀rọ̀ kan ti dé ṣọ́ọ̀bù mi. Obìnrin kan wá gba aago rẹ̀ padà láàárọ̀ yìí, mi ò tíì tún un ṣe tán. Ó ní òun á gbé e wá tí òun bá ti mọ ẹni tó máa wà nídìí tábìlì."

Ìyá àgbà ní, "Ẹ gbà á gbọ́?"

"Ẹ mọ̀ mí. Ohun tí mi ò bá tú wò, n kì í sọ pé ó dára, n kì í sọ pé ó bàjẹ́." Wọ́n yíjú sí mi. Mò ń wo bàtà wọn. "Jẹ́jẹ́, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn ẹ́ ni pé o ń yọjú wo káàdì wa tó o bá ń gbé tíì. Lọ́la, a ò ní gbé tíì. Kí Màmá se é sínú fúláàsìkì kí a tó jókòó. Kò sẹ́ni tó máa dìde. Tí ọkàn mi bá balẹ̀, wàá wá lọ́jọ́ Ajé. Tí kò bá balẹ̀, o ò ní wá. Ṣé ó yé ẹ?"

Mo mi orí.

"Ó yé e," Ìyá àgbà ní.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, fúláàsìkì méjì wà lórí tábìlì, àti ife mẹ́fà, àti ṣúgà. Wọ́n fi mí sórí àga tó kọjú sí fèrèsé, tí ẹ̀yìn mi kan ògiri. Gbogbo wa mú ogójì bọ́tìnnì. Bàbá Bùrékì wọlé kẹ́yìn, wọ́n kí gbogbo ilé, wọn ò wo ojú mi, èmi náà ò wo tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe máa ń ṣe.

Wọ́n pín káàdì àkọ́kọ́. Màmá Nọ́ọ̀sì wo tiwọn, wọ́n jù ú sílẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó máa dìde, àbí? Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọ́n bu tíì sínú ife wọn láìgbé ìdí kúrò lórí àga.

Àǹtí ju tiwọn. Ìyá àgbà ju tiwọn. Káàdì kejì, ó rí bákan náà. Àwọn èèyàn tí mo ti ń bá ta á láti ọdún mẹ́jọ, tí wọn kì í ju káàdì sílẹ̀ àfi tí ilé bá ń jó, wọ́n wá di ọlọ́gbọ́n lójijì. Méjì nínú wọn ló ń wọlé, nígbà míì ẹnì kan. Yàrá náà dákẹ́, a ń gbọ́ bí ṣúgà ṣe ń yòrò.

Ní káàdì kẹrin tàbí ìkarùn-ún, wọ́n fún mi ní ọkàn méjì. Àwa mẹ́ta la wọlé: Bàbá Aláago, Bàbá Bùrékì, èmi. Bọ́tìnnì mẹ́ta. Mẹ́ta ṣí láàárín, méjì jẹ́ ọkàn. Bàbá Aláago jáde. Bàbá Bùrékì san ẹyọ kan, èmi náà san. Márùn-ún. Ìkẹrin ṣí, kì í ṣe ọkàn. Bàbá Bùrékì fi méjì sí i. Méje.

Méje ò tó mẹ́jọ. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti tẹjú mọ́ mi, àní Ìyá àgbà, ó sì dà bíi pé tí mo bá ju káàdì yẹn sílẹ̀, mo ti fọwọ́ síwèé pé n kì í lè dúró láìjẹ́ pé mo rí tẹlòmíràn. Mo san. Káàdì tó kẹ́yìn jẹ́ mẹ́ta ewé, kì í ṣe ọkàn. Bàbá Bùrékì kó o.

Mo tún ṣe é. Mo tún ṣe é lẹ́yìn ìyẹn. Mo ń gbé oyún káàkiri inú ilé tí kò sí oúnjẹ. Nígbà tó fi di aago mẹ́ta ààbọ̀, mọ́kànlá ló kù nínú ogójì mi.

Màmá Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kàn mí lápá. "Jẹ́jẹ́, òní ò ṣojú rere sí ẹ o."

Bàbá Aláago bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí ẹ̀wù nù ún. Wọn ò bínú. Bí wọ́n ṣe máa ń ka àsìkò fún oníbàárà ni wọ́n sọ ọ́. "Mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nìyí. Nígbà tó ń rìn lẹ́yìn wa, ó ń jẹ. Òní tí kò rìn lẹ́yìn wa, kò jẹ."

Àǹtí ní, "Bàbá, ọjọ́ kan ṣoṣo ni."

"Ọjọ́ kan náà ni mo ní. Ọjọ́ Ajé ò ní dúró dè mí."

Mo wo Ìyá àgbà. Wọ́n ń to bọ́tìnnì tiwọn, àwọn dúdú lọ́tọ̀, àwọn funfun lọ́tọ̀. "Ẹni tó bá dákẹ́," ni wọ́n ní, wọn ò gbójú sókè, "tara ẹ̀ á bá a dákẹ́." Wọn ò ní bá mi sọ ọ́. Mo rí i pé wọn ò ní bá mi sọ ọ́.

Mo bá rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì sọ̀rọ̀. Òdòdó aláwọ̀ búlúù ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan ti jóná níbi tí wọ́n gbé ìkòkò lé nígbà kan.

"Ẹ̀yin lẹ ò ta á bí ẹ ṣe máa ń ta á, sà."

"Àwa?"

"Ẹ̀ ń ju káàdì sílẹ̀, sà. Torí kò sẹ́ni tó máa se tíì."

Mo ti bẹ̀rẹ̀, ó sì rọrùn láti máa lọ ju láti dúró. Mo sọ ti mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mo sọ ti mẹ́sàn-án. Mo ní mi ò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, pé ohun tí mo máa ń wò ò ju kí n mọ èèyàn mélòó ló ṣì wà níbẹ̀. Mo ní tí gbogbo wọn bá san, oyún máa ń tó bọ́. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá san, kì í tó bọ́.

Bàbá Aláago gbé ọwọ́ sókè. Ẹni tó ń ka eyín kẹ̀kẹ́ aago kì í jẹ́ kí èèyàn sáré kọjá lórí ìṣirò. "Dúró. Èyí tí Bùrékì jẹ lẹ́ẹ̀kan, tí èmi náà wọlé tí mo jáde. Mélòó ló wà láàárín nígbà tí wọ́n ní kó o san méjì?"

"Méje, sà."

"Ó sì yẹ kó ju mẹ́jọ lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá Bùrékì ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Méje ò tó mẹ́jọ," Bàbá Aláago ní. "Kí ló dé tó o fi san?"

Ìyẹn ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. "Ojú ló ń tì mí láti jù ú sílẹ̀, sà. Gbogbo yín lẹ̀ ń wò mí."

Wọ́n tún awò ojú wọn wọ̀. Wọ́n ń ṣírò. Ètè wọn ń mì díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ti fúláàsìkì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ gbé nǹkan wọ̀nyí kúrò níwájú mi. Ẹ jẹ́ ká dá òfin padà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ jáde, kó wà nílé ìdáná títí a ó fi pè é. Kó má rìn lẹ́yìn ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ẹ̀ ń sọ pé tí mo bá ju tèmi, èmi ni màá sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ yẹn?" Màmá Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ẹ pín in. Mo ti san."

"Wọn ò tíì fún yín ní káàdì o," Àǹtí ní.

"Mo ní mo ti san."

Ariwo padà sínú yàrá. Káàdì àkọ́kọ́ tí wọ́n pín, mẹ́jọ àti mẹ́ta tí kò bára tan ni mo ní, mo jù ú sílẹ̀, mo lọ sílé ìdáná. Mo dúró ti iná. Mo ń gbọ́ ohùn wọn lókè, wọ́n ń san, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo gbé tíréè lé ẹnu ọ̀nà, Àǹtí nawọ́ gbà á.

Èyí tó tẹ̀ lé e, mo dúró. Mo ní márùn-ún àti mẹ́fà. Mẹ́rin àti méje ṣí láàárín. Mẹ́ta tàbí mẹ́jọ ni mò ń dúró dè. Ìkankan ò wá. Mo pàdánù mẹ́rin. Bàbá Aláago kàn wò mí, wọ́n wo bọ́tìnnì àárín, wọ́n mi orí díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ bí aago ṣe ń rìn.

Méje ló kù lọ́wọ́ mi nígbà tí wọ́n fún mi ní Ayaba ọkàn àti mẹ́sàn-án ọkàn. Gbogbo wọn wọlé. Bọ́tìnnì mẹ́fà. Mẹ́ta ṣí: ọkàn méjì, àti Jákì dúdú kan. Gbogbo wọn san. Méjìlá. Ìkẹrin ṣí, kì í ṣe ọkàn. Bàbá Bùrékì fi méjì sí i, wọ́n fi ìka ta bọ́tìnnì náà kó lè yí. Àwọn tó kù tẹ̀ lé wọn. Ó kan èmi.

"Mélòó ló wà níbẹ̀?" Bàbá Aláago bi mí.

"Tí mo bá san tèmi, mẹ́rìnlélógún, sà."

"Ó ju mẹ́jọ lọ."

"Ó jù ú lọ, sà."

"Ṣé ó máa wá?"

"Ó ṣeé ṣe kó má wá, sà. Ìgbà tí kì í wá ló pọ̀ jù."

"Nígbà tí mo ń gbẹ̀bí, ẹni tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún á sá kúrò nílé ìwòsàn," Màmá Nọ́ọ̀sì ní.

Mo san méjì. Mẹ́ta kù lọ́wọ́ mi. Ìyá àgbà ṣí káàdì tó kẹ́yìn: mẹ́rin ọkàn.

Mi ò mọ ohun tí ojú mi ṣe. Mo fi méjì sí i, ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ mi, gbogbo wọn sì tún san. Àǹtí ní àwọn mọ̀ pé àwọn ti kú. Màmá Nọ́ọ̀sì ní àwọn náà mọ̀, ṣùgbọ́n ó tọ́ kéèyàn rí ojú ohun tó pa á. Bàbá Bùrékì ní Jákì mẹ́ta. Wọ́n ti na ọwọ́ méjèèjì sáàárín kí n tó ṣí tèmi. Wọ́n dá ọwọ́ wọn padà wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì tó rí i pé kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀nà tí mo gbà kó bọ́tìnnì mẹ́rìndínlógójì náà ò yàtọ̀ sí bí mo ṣe máa ń kó o. A ta á títí di aago márùn-ún. Èmi ni mo dìde jù, mo sì tún pàdánù díẹ̀. Nígbà tí a dáwọ́ dúró, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló wà níwájú mi, kò tíì tó ogójì tí mo mú jókòó.

Bàbá Aláago ò wo iye yẹn rárá. Wọ́n ń dá káàdì padà sínú páálí rẹ̀.

"Aago mẹ́jọ lọ́jọ́ Ajé," ni wọ́n ní. "Gé èékánná rẹ kó o tó wá. Mú aṣọ funfun kan dání, kì í ṣe èyí tó ní òwú létí."

"Ẹ ṣé, sà," mo ní, ohùn náà sì jáde.

"Má tíì dúpẹ́. Obìnrin tó gba aago rẹ̀ padà á tún wá. Àwọn míì á wá, wọ́n á bá ọ nídìí tábìlì, wọ́n á bi mí léèrè. Mi ò ní bá ọ jà, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí sọ gan-an ni màá sọ fún wọn, kí kálukú lọ fi ọgbọ́n ara rẹ̀ wò ó." Wọ́n yí àga wọn. "Bùrékì."

Bàbá Bùrékì ti dìde ná. Fìlà wọn ti wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tún jókòó.

"Mi ò pe ọmọ náà ní olè," ni wọ́n ní.

"Mi ò bi ẹ́ ní ohun tó ò sọ."

"Onígbàjámọ̀ ló lọ fi iyọ̀ sí i. Ẹ mọ ẹnu ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ wá fi ata sí i…"

"Fi iyọ̀ sílẹ̀. Fi ata sílẹ̀. Kí lo sọ?"

Ìyá àgbà ti dáwọ́ bọ́tìnnì tí wọ́n ń tò dúró. Bàbá Bùrékì yí fìlà wọn po lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ojú mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, tàbí kó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi wo tiwọn.

"Mo jókòó lórí àga ẹ̀, ó ti fi ọṣẹ sí mi lágbọ̀n. Ó ní, 'Bàbá, ta ló ń jẹ jù nídìí káàdì yín yẹn?' Mo ní, 'Jẹ́jẹ́ ni.' Ó ní, 'Báwo ló ṣe ń ṣe é?' Mo ní, 'Mi ò mọ̀. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló máa ń dìde lọ se tíì.'"